Àmì Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Nafisah

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Nyanya, ní Abuja, mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Bí ẹgbẹ́ àsàlátù wa bá ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n bá ní kí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́, àwọn obìnrin á ti máa wẹ̀yìn wò bóyá Ràṣídátù ti dìde. Mo ti bá àáfà jiyàn rí níwájú ìjọ. Mo ti bá awakọ̀ jà láti Nyanya títí dé AYA, tí gbogbo èrò ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ọjọ́ kan wà tó yẹ kí n sọ gbólóhùn kan péré, tí mo sì panu mọ́, ẹ má wá àwáwí fún mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Orúkọ mi ni mò ń dáàbò bò.

Iṣẹ́ ojú ni mò ń ṣe. Mo ní àga kan nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn onírun ní Wuse. Irun ìpéǹpéjú ni mo kọ́kọ́ ń fi abẹ́rẹ́ yà fún àwọn obìnrin, àfi ìgbà tó di ọdún 2018 tí àwọn ọmọge bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù wá síwájú mi, tí wọ́n ń fi àwòrán òyìnbó hàn mí. Fírẹ́kù ni wọ́n ń pè é, àwọn àmì wínníwínní tó máa ń wà lórí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn tí oòrùn bá pa ní ìlú wọn. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń ra ọṣẹ àti ìpara ká lè pa irú ẹ̀ rẹ́ lójú, àwa la tún fẹ́ ki abẹ́rẹ́ bọ tàdáwà ká fi kán an síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà kì í bá oníbàárà jà. Mo kọ́ ọ, ó sì mọ́ mi lọ́wọ́. Màá po tàdáwà aláwọ̀ buráùn kó bá awọ ẹni náà mu, màá wá fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí i níkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ńlá, méjì kékeré, láìtò wọ́n, kó lè dà bí ohun tí wọ́n bí mọ́ ọn.

“Kì í ṣe tàtú,” ni mo máa ń wí fún wọn. “Tàtú ló ń báni dé sàréè. Èyí á ṣá lẹ́yìn ọdún kan, ó pẹ́ tán, ọdún mẹ́ta.” Mo máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà, mo sì máa ń sọ ọ́ fún ara mi, torí mo mọ ohun tí àáfà wa ń wí nípa kí èèyàn máa fi abẹ́rẹ́ kọ nǹkan sára. Ní ẹgbẹ́ àsàlátù, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé mò ń kun àtíkè fún ìyàwó ọjọ́ ìgbéyàwó. Mi ò fi abẹ́rẹ́ hàn wọ́n, wọn ò sì bi mí.

Alhaja Ràdíátù ni olórí ẹgbẹ́ náà. Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń ta aṣọ lésì lọ́jà, òun náà ló ní kí wọ́n gbà mí wọlé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí n kò mọ ẹnì kankan. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un, Nafisah. Abuja ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá bí omi, àmọ́ bó bá fẹ́ sọ ọ́, àdàlù ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, pupa, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń kí àlejò ní ọ́fíìsì kan ní Utako. Òun ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta.

“Àǹtí Ràṣí, ojú mi dà bí àwo tí wọn ò tíì bu nǹkan sí,” ló wí. “Ẹ bá mi put something there, abeg.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Mummy ò ní mọ̀ naw.”

“Ojú lo fẹ́ ṣe, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní mọ̀?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti lé e lọ. Èmi ni mo dá ìmọ̀ràn, kò sẹ́ni tó bi mí. Mo ní kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé pẹ́ńsù lòun fi ń tò ó sójú láràárọ̀ kóun tó lọ síbi iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọbìnrin yòókù ṣe ń kun tìróò. “Ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù, ìyá rẹ á kàn bínú ni,” mo ní. “Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, èmi àti ìwọ ni wọ́n máa lé, ìwọ nílé, èmi lẹ́gbẹ́.” Ó ní, “Àǹtí, ẹ gbọ́n gan-an.”

Mi ò ní purọ́, ó yẹ ẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ jinná tí mo gbé dígí fún un, ó wo ara rẹ̀ títí, ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó yí tòsì. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ mi, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú.

Irọ́ náà ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Alhaja rí i, ó sì gbà pé pẹ́ńsù ni, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló wá di ìjà. Ó ní ohun tó bá bo awọ, kò ní jẹ́ kí omi àlùwàlá dé ibẹ̀, àlùwàlá tí omi ò bá sì dé, ìrun rẹ̀ ò sí. Bí àkókò ìrun bá tó, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. “Nafisah, fọ pẹ́ńsù yẹn kúrò.” Nafisah á wọlé, á ṣí omi gbòòrò, á jáde pẹ̀lú hìjáàbù tó fà bo imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì sáré wọ yàrá rẹ̀ lọ kírun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún oṣù mẹ́sàn-án.

Alhaja pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé. “Ràṣídátù, ìwọ lo mọ̀ nípa àtíkè. Bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé gbogbo ìrun tó ń kí ò dé ibì kan.”

Mo ní, “Màá bá a sọ ọ́, mà.” Mo sì sọ ọ́ fún Nafisah lóòótọ́. Inú ọkọ̀ la wà, èmi àti òun, a ń ti ìgboro bọ̀ nírọ̀lẹ́. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nafisah ní ikọ́ fée láti kékeré. Ọyẹ́ ọdún náà le, erùpẹ̀ bo gbogbo Nyanya débi pé a ò rí òkè ọ̀ọ́kán mọ́. Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù Dìsẹ́ḿbà, bí wọ́n ṣe kí ìrun àsùbáà tán, èémí kọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e sínú takisí, ó kú lọ́nà kí wọ́n tó dé ọsibítù. Ìyá Àlímátù ló pè mí. Ìyá àgbà yìí ló ń wẹ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa bí ikú bá dé. Ó ti wẹ òkú láti ìgbà tí Abuja ṣì jẹ́ oko. Lọ́dún tó kọjá ló kọ́ àwa mẹ́rin ní iṣẹ́ náà, kó má bàa jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

“Nafisah ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀,” ó ní lórí fóònù. “Máa bọ̀. Ìwọ lo máa da omi.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá mi, mo ké. Nafisah ni mò ń sunkún. Mi ò tíì rántí ojú rẹ̀ rárá.

Ẹ̀yìn ìrun àílà ni wọ́n fẹ́ sin ín. Àwa mẹ́ta la wọ yàrá ẹ̀yìn nílé Alhaja: Ìyá Àlímátù, Mùfúlíátù tó jẹ́ tíṣà, àti èmi. Mairúwà, Hausa tó ń ta omi ládùúgbò, ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi “sànnu” bá wa kẹ́dùn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rìn lọ láìdúró. Kí a tó ti ilẹ̀kùn, Alhaja dé. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń kún mọ́sálásí, ó di ògiri mú. Ó ní òun ò lè wọlé.

“Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín,” ó ní. “Ẹ bá mi fọ ojú rẹ̀ mọ́. Pẹ́ńsù yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Àárọ̀ yìí náà, mi ò rí i kó fọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi lọ bá Olúwa rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà lójú.”

Ìyá Àlímátù ní, “Ó máa mọ́, Alhaja. Lọ jókòó.”

Ìgbà náà ni mo rántí. Kò sí omi tó máa fọ àwọn àmì yẹn kúrò.

Ohun tí Ìyá Àlímátù fi kọ́ wa kò pọ̀. Ẹni tó ń wẹ òkú kì í sọ ohun tó bá rí lára rẹ̀ síta láé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń wẹ̀ ẹ́. Bí kò bá mọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá tún mọ́, ẹ̀ẹ̀meje. Èyí tó máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé kí ọwọ́ wa rọ̀. Ó ní òkú ń mọ ọwọ́ ẹni lára, pé kò lè ké ni. Bó ṣe fi òwú kan iwájú orí Nafisah lọ́jọ́ náà, ó tún un sọ: “Ẹ rọra o. Ó ń gbọ́ wa.”

Mo da omi àkọ́kọ́. Ó fi òwú nu ojú náà, ó wo òwú, òwú funfun. Àwọn àmì yẹn wà níbẹ̀, gbogbo wọn, bí mo ṣe tò wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ti kúrò lójú rẹ̀, wọ́n wá hàn ketekete ju bí wọ́n ṣe ń hàn nígbà tó wà láàyè. Mo sọ lọ́kàn mi pé màá sọ ọ́ bí a bá da omi kejì. A da omi kejì pẹ̀lú ọṣẹ. Mo sọ pé ó di ẹ̀kẹta.

“Irú pẹ́ńsù wo rèé?” ni Ìyá Àlímátù wí lẹ́yìn ẹ̀kẹta. Ó gbójú sókè wò mí. “Ràṣídátù, iṣẹ́ rẹ nìyí. Kí ló ń ká irú èyí kúrò?”

Ẹ wò ó, ó bi mí léèrè. Kò sí bí ì bá ṣe rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ro ẹgbẹ́, mo ro bí Alhaja ṣe máa wò mí, mo ro bí wọ́n á ṣe máa pè mí ní Ràṣídátù tó fi abẹ́rẹ́ ba ara ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ kó tó kú. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú òróró, mà. Òróró máa ń ká a.”

Mùfúlíátù lọ gbé òróró wá láti ilé ìdáná. Wọ́n fi pa á, wọ́n nù ún, kò kúrò. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ aládùúgbò tó ń kun kútẹ́ẹ̀sì, ó fi omi tó fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ ránṣẹ́. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Kò kúrò. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Omi tán, wọ́n tún pe mairúwà padà. Láti ìta, à ń gbọ́ Alhaja tó ń bi àwọn èèyàn léèrè bóyá a ti ṣe tán, bóyá ojú rẹ̀ ti mọ́.

Ìyá Àlímátù kì í fi kànìnkànìn kan òkú. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí wọ́n mú un wá. Ó rọra fi bẹ̀rẹ̀, ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Nafisah bó ṣe ń bó o. “Má bínú, ọmọ mi. Ìyá rẹ ló bẹ̀ wá. Má bínú.” Àgbà ni, agbára ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, torí ó ti ṣèlérí fún ìyá ọmọ. Èmi ń da omi. Èmi tí mo ti bá gbogbo ayé jiyàn, mo di igbá mú, mò ń da omi sí i bí wọ́n ṣe ní kí n dà á.

Ní omi keje ni awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ṣí. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Awọ kàn bó sára kànìnkànìn, abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ibi tí ọmọdé ti fi orúnkún ha ilẹ̀. Àwọn àmì méjì wà létí ibẹ̀ gan-an, wọn ò yẹsẹ̀.

Mo gbé igbá sílẹ̀. “Ẹ dúró, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Kò lè kúrò. Inú awọ ló wà. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ṣe é.”

Mùfúlíátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àlímátù yíjú sí mi, kànìnkànìn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“O mọ̀ láti omi àkọ́kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mo bi ọ́ léèrè.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O ní ká lọ mú òróró wá.”

Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Ó kàn fi kànìnkànìn sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ni, ó nu ọwọ́. Ó ní ohun tó bá wà nínú awọ kì í dí omi lọ́wọ́, pé ká ní òun ti mọ̀ ni, ìwẹ̀ ọmọ náà ì bá ti parí ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tó ń kọ́ wa níṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò rí i kó sunkún nídìí òkú rí.

A fi káfúrà sí i lára, a wọ̀ ọ́ ní lìkáfáànì, aṣọ funfun márùn-ún. Ìyá Àlímátù bo ojú rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa tún un ṣí, pé ohun tí a rí nínú yàrá yìí, inú yàrá yìí ló máa gbé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ara tù mí díẹ̀.

Àmọ́ Alhaja ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin méjì dì í mú ní apá. Ó ní òun fẹ́ rí ojú ọmọ òun, ta ni yóò sì wí fún ìyá pé kò gbọ́dọ̀ rí ọmọ rẹ̀ kẹ́yìn? Ó kúnlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ náà kúrò.

Ó rí àwọn àmì. Ó wá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

“Kí ló ṣe é níbí?”

Ìyá Àlímátù ní, “Alhaja, ẹ jẹ́ ká bò ó.”

“Mo ní kí ló ṣe é níbí? Kò ní egbò lójú nígbà tí wọ́n gbé e jáde láàárọ̀.” Ó wo kànìnkànìn lórí bẹ́ǹṣì. Mo rí i bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀. “Èmi ni,” ó ní. “Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Yéè, èmi ni.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ láyà.

Bí mo bá dákẹ́, á gbé ẹ̀bi náà lọ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo wólẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: abẹ́rẹ́, tàdáwà, irọ́ pẹ́ńsù tí mo fi kọ́ ọmọ rẹ̀, omi méje tí mo dà láìsọ̀rọ̀. Mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo ń dúró kó ṣépè, kó ní kí n jáde. Mo ti ṣe tán fún un.

Alhaja ò ṣépè. Ó ti fi ìka kan sórí imú Nafisah, ó ń fi tẹ̀ lé àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ó dùn ún, nígbà tí ò ń ṣe é?”

“Rárá, mà.” Mo sáré dáhùn, torí inú mi dùn pé mo rí ohun kan tó dára tí mo lè sọ fún un. “Mo kọ́kọ́ fi ìpara kan ra ojú rẹ̀, kì í jẹ́ kí èèyàn mọ abẹ́rẹ́ lára. Kò mọ nǹkan kan, mà. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni.”

Ó mi orí. Ìka rẹ̀ kúrò lórí imú, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó dúró létí ibi tí awọ ti bó, kò kàn án.

“Ibí yìí ńkọ́?” ó ní. “Ṣé ẹ fi ìpara yẹn ra ibí yìí kí ẹ tó bó o?”

Ìyá Àlímátù ló fa aṣọ bò ó lójú padà, torí àwọn ọkùnrin ti ń kan ilẹ̀kùn pé wọ́n ti kí àílà tán.